Bí mo ṣe kọ́lé fún tọkọtaya ẹja Wallaciia

8 Fẹ́búárì

Táǹkì ti délé. Àlòkù ni, ẹni tó tà á fún mi ti gbé e jù sí gáréèjì láti ọdún méjì láìbu omi sí i. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 90 sẹ̀ǹtímítà, ìbú rẹ̀ 45, gíga rẹ̀ 40. Èmi àti ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa ní Peckham, ní London, la jọ gbé e wọlé. Nígbà tí a sọ ọ́ kalẹ̀ tán, wọ́n nu òógùn ojú wọn, wọ́n ní, "Àbúrò, ẹja mélòó ló fẹ́ gbé inú èyí?" Mo ní méjì ni, akọ kan, abo kan, wọn ò sì ju ìka ọwọ́ lọ. Wọ́n ní, "Ìka ọwọ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Wallaciia regani ni ẹja náà, láti odò Amazon ní Brazil. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí ẹja sísìn mọ̀ ọ́n sí Crenicichla regani, orúkọ tí Ploeg, onímọ̀ ẹja, fún un ní 1989. Ní 2023 ni wọ́n tú agbo Crenicichla ká, tí àwọn kúkúrú inú wọn lọ dúró lábẹ́ Wallaciia. Ara rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọfà, ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ojú rẹ̀ ń yí kiri bíi ti alágẹmọ. Àwọn ìbátan rẹ̀ kan a máa gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà. Òun kì í sábà kọjá 8 tàbí 9. Àmọ́ ìwà apẹran tó wà lára àwọn ńlá yẹn kò dín lára rẹ̀ rárá.

Ó dùn mọ́ mi pé London ni orúkọ rẹ̀ méjèèjì já sí. Wallaciia jẹ́ ti Alfred Russel Wallace, onímọ̀ nípa ẹ̀dá, ẹni tí àwòrán ẹja tó yà ní odò Rio Negro ṣì wà ní Natural History Museum níbí. Regani jẹ́ ti Charles Tate Regan, tó fi ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí ẹja ní ilé kan náà.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi sin Pelvicachromis pulcher, ẹja tó jẹ́ pé odò gúúsù Nàìjíríà nilé rẹ̀, tí òun náà ń yé sínú ihò. Ohun tí mo rí kọ́ lára rẹ̀ ni pé ilé ni ká kọ́kọ́ rò ká tó ro ẹja. Ti Wallaciia sì tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Akọ àti abo tí kò tíì gba ara wọn, ọ̀kan lè lu èkejì pa bí kò bá síbi tó lè sá sí. Ìdí nìyẹn tí ẹja méjì fi nílò ilé tó gùn tó báyìí.

11 Fẹ́búárì

Ó ń jò. Mo gbé e sórí pákó lẹ́yìnkùlé, mo bu omi kún un pé kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, mo tẹ́ ìwé ìròyìn sábẹ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, igun ẹ̀yìn lápá òsì ti rin ìwé tirẹ̀ gbindingbindin. Kì í ṣe pé ó ń ṣàn o, ó kàn ń sun díẹ̀díẹ̀ bí òógùn. Inú mi bàjẹ́, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé ìta ló ti ṣe é.

Ẹni tó bá fẹ́ ra àlòkù, kó jọ̀ọ́ kó má fi ọjọ́ mẹ́ta yìí ṣeré. Kó bu omi sí i níta, kó sì dúró wò ó.

16 sí 28 Fẹ́búárì

Silicone, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ gíláàsì táǹkì, tuntun rẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ àtijọ́. Ohun tó máa ń jẹ́ kí àtúnṣe táǹkì bàjẹ́ nìyẹn: èèyàn á kàn fi ìka tọ́ díẹ̀ sójú ibi tó ń jò, á gbẹ, á dára lójú, lẹ́yìn oṣù kan á tún bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà mo fi abẹ ha gbogbo ìlà inú kúrò, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ìsàlẹ̀ yíká. Mi ò fọwọ́ kan èyí tó wà láàárín gíláàsì kan sí èkejì, torí òun ló so ilé náà pọ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ló gbà mí. Lẹ́yìn náà mo fi acetone nu ojú gíláàsì títí aṣọ funfun tí mo fi ń nù ún kò fi mú nǹkan kan jáde mọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún silicone tí wọ́n ń tà fún balùwẹ̀. Wọ́n ti fi oògùn sí i kí ìlà rẹ̀ má bàa dúdú, oògùn yẹn kò sì dára fún ẹja. Èyí tí mo lò kò ní oògùn kankan, òórùn rẹ̀ dà bíi ti fínígà. Mo lẹ téèpù sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ìlà, mo fún un, mo ri ìka bọ omi ọṣẹ, mo fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì bó téèpù kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Bí èèyàn bá fà á lẹ́ẹ̀mejì, á kan ṣe wúruwùru.

Mo fi ọjọ́ méje sílẹ̀ fún un. Mo tún bu omi sí i fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìwé ìròyìn gbẹ táútáú.

9 Máàṣì

Tábìlì rẹ̀ ti parí. Tí omi, yanrìn àti òkúta bá pé sínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á tó nǹkan bíi kílò 200, nítorí náà mo gbé e dábùú àwọn igi tó gbé ilẹ̀ ilé dúró, kó má bàa jẹ́ orí igi kan ṣoṣo ló máa wúwo lé. Mo fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì wò ó, mo tẹ́ fóòmù sábẹ́ gíláàsì, mo lẹ fóòmù mìíràn mọ́ ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ooru má bàa sá lọ. Hítà wáàtì 150 ló wà nínú rẹ̀. Iná ìjọba kì í lọ níbí, ṣùgbọ́n owó iná ń jẹni.

15 Máàṣì

Omi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, torí òun ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù.

Omi ẹ̀rọ London ń gba inú òkúta ẹfun kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ wo inú kẹ́túlù wa, ńṣe ló funfun bí ẹni fi ẹfun kùn ún. Mo wọn tilé wa: TDS rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ohun tó yọ́ sínú omi, jẹ́ 380; pH rẹ̀, ìyẹn òdiwọ̀n bí omi ṣe kan sí, jẹ́ 7.7, bó bá sì ṣe ń wálẹ̀ ni omi ń kan sí i. Omi tó rọ̀, ìyẹn tí ẹfun ò pọ̀ nínú rẹ̀, tó sì kan díẹ̀, ni ẹja yìí mọ̀ nílé, omi tí ewé àti igi ti rà sínú rẹ̀ títí tó fi pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Ó lè gbé inú omi líle fún ìgbà díẹ̀ o. Ṣùgbọ́n gbígbé ọ̀tọ̀, yíyé ẹyin tó máa pa ọ̀tọ̀.

Mo ra ẹ̀rọ kékeré tó ń sẹ́ omi, tí wọ́n ń pè ní RO, mo so ó mọ́ ẹ̀rọ omi ìdáná. Ó ń fún omi gba inú awọ tó fẹ́lẹ́ gan-an débi pé ẹfun kò lè bá a kọjá. Omi tó ń bọ́ síta níbẹ̀ kì í ju TDS 10 lọ. Àmọ́ bí lítà kan ṣe ń jáde ni bíi lítà mẹ́ta ń ṣòfò, ìyàwó mi sì ní òun ò ní fojú rí i kí omi tó mọ́ máa ṣàn lọ sí gọ́tà. Òun ló gbé garawa sábẹ́ rẹ̀. Omi yẹn la fi ń fọ ilẹ̀, tí a fi ń bomi rin ewédú tó gbìn sínú ìkòkò lójú fèrèsé.

Ìdá kan omi ẹ̀rọ, ìdá mẹ́rin omi RO: TDS já sí bíi 85, pH sì bọ́ sí 6.6. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ewé tó ń pọ́n omi, mo rà wọ́n. Ewé gbígbẹ ńláńlá ni, wọ́n dì í ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Nígbà tí mo tú u, mo rẹ́rìn-ín: ewé igi fúrúùtù ni! Igi tó wà lójú pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa ní Ìlọrin, tí a máa ń gbá ewé rẹ̀ láràárọ̀ kí tíṣà tó dé. Mo san owó lórí rẹ̀ ní London.

22 Máàṣì sí 17 Méè

Inú ilé. Yanrìn múlọ́múlọ́ ni mo kọ́kọ́ dà, ó ga tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin. Gbòǹgbò igi mẹ́ta tí mo ti sè tí mo sì rì sómi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òkúta pẹlẹbẹ díẹ̀. Èèpo àgbọn méjì tí mo lu ihò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìṣáàsùn Màmá mi náà wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá kí wa lọ́dún tó kọjá, wọ́n ra ìṣáàsùn kékeré kan ní Dàda, ní Ìlọrin, pé kí ìyàwó mi máa fi se ọbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ṣán nínú báàgì lójú ọ̀nà, kò ṣeé gbé kaná mọ́, síbẹ̀ a ò lè jù ú nù. Mo pè wọ́n lórí fóònù láti sọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Wọ́n ní, "Ọkọ mi, ṣé wọn ò ní kú sínú ẹ̀?" Mo ní rárá, Màmá, ilé ló máa jẹ́ fún wọn. Wọ́n ní kí n rẹ ẹ́ dáadáa, torí àwọn amọ̀kòkò Dàda máa ń wọ́n omi èèpo irúgbá sí ìkòkò lára nígbà tó bá ṣì gbóná láti inú iná, kó lè dán. Mo rẹ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo ń pààrọ̀ omi rẹ̀ lójoojúmọ́. Mo da ojú rẹ̀ dé sórí yanrìn, ibi tó ṣán sì di ẹnu ọ̀nà. Mo fi fáìlì gbẹ́ ẹ títí tó fi fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀.

Fílítà ń ṣiṣẹ́, omi gbóná dé 26. Ẹja ò tíì sí. Mo gbé fóòmù kan láti inú fílítà àtijọ́ mi sínú tuntun, kí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń sọ ámóníà, májèlé tó ń ti ara ẹja jáde, di nitrite, tí wọ́n ń sọ nitrite di nitrate, lè tètè gbilẹ̀. Nínú omi tó kan, wọn kì í yára. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni mo fi dúró, tí mò ń fi ámóníà ìgò bọ́ wọn, kí ìwọ̀n ámóníà àti ti nitrite tó lè di òdo láàárín ọjọ́ kan.

24 Méè sí ìparí oṣù

Wọ́n dé. Akọ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà méje, abo márùn-ún ààbọ̀. Ó rọrùn láti dá wọn mọ̀: abo ní àmì dúdú méjì lórí lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀, funfun yí àwọn àmì náà ká bí ojú. Lẹbẹ akọ gùn, ó ṣe ṣóńṣó lẹ́yìn, kò sì ní ojú yẹn.

Mo fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ jẹ́ kí omi táǹkì máa kán sínú garawa wọn fún wákàtí kan ààbọ̀. Mo ti dí gbogbo àlàfo ìdérí, kódà ibi tí wáyà hítà gbà wọlé. Ẹja yìí a máa fò, ihò kékeré sì tó o láti jáde.

Ọjọ́ mẹ́rin, wọn ò jẹ nǹkan kan. Oúnjẹ oníkóró, wọn ò wò ó. Edé tí mo gé wẹ́wẹ́, wọn ò wò ó. Mo wá rántí garawa omi òjò tó wà lẹ́yìnkùlé: tanwíjí ti kún inú rẹ̀. Mo fi asẹ́ gbọ́n díẹ̀, mo dà á sí i, mo sì jókòó síwájú gíláàsì.

Akọ kò sáré. Ó dúró láàárín omi, lẹbẹ àyà rẹ̀ nìkan ló ń mì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ojú rẹ̀ kan tẹ̀lé tanwíjí kan lọ sósì, ó tún tẹ̀lé e padà sọ́tùn-ún, ara rẹ̀ kò sì yí. Ó rọra rá sún mọ́ ọn tó ìwọ̀n ìka méjì. Ó ká ìrù rẹ̀ díẹ̀. Mi ò rí ìgbà tó ta. Ohun tí mo rí ni pé tanwíjí yẹn ò sí níbẹ̀ mọ́, àgbọ̀n ẹja náà sì ń mì lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ mi obìnrin tó jókòó tì mí ní, "Dádì, ibo ló lọ?"

Láti ọjọ́ yẹn, wọ́n ń jẹun. Mo ń fi ìdin pupa tó dì nínú fìríísà pọ̀ mọ́ tanwíjí díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ti gbà á.

14 Júùnù

Nǹkan ò dára. Láti ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti ń rí abo lókè pátápátá, lẹ́yìn hítà, tó gbé orí sókè, tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá. Láàárọ̀ yìí mo rí i pé ìrù rẹ̀ ti ya sí méjì. Bó bá ti sọ̀ kalẹ̀ báyìí, akọ á ti igun òdìkejì wá bí ọta ìbọn.

Mo jókòó, mo wo ilé náà bí akọ ṣe máa wò ó. Mo bẹ̀rẹ̀ títí ojú mi fi bá ibi tó máa ń dúró sí mu. Níbẹ̀ ni mo ti rí àṣìṣe mi. Ihò pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀ọ̀dẹ̀ ló kù láàárín wọn: mo ti to gbòǹgbò àti òkúta mọ́ ẹ̀yìn, kí iwájú lè ṣófo kí n lè máa rí wọn. Ojú mi ni mo fi kọ́ ọ. Akọ lè dúró sójú kan kó máa rí gbogbo ilé láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Abo lè sá wọ ihò, àmọ́ kò lè jáde láìjẹ́ pé akọ rí i.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo fi àwọ̀n oníke dá táǹkì sí méjì, abo lápá kan, akọ lápá kejì.

15 sí 27 Júùnù

Mo tún ilé kọ́. Mo to òkúta pẹlẹbẹ ní òró, mo gbé gbòǹgbò dábùú láti ẹ̀yìn wá síwájú títí ó fi kan gíláàsì, ibi méjì, tí ilé fi di yàrá mẹ́ta. Yàrá kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà méjì, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, kí ẹni tí wọ́n ń lé má bàa há. Mo kó ewé fúrúùtù sílẹ̀ títí wọn fi nípọn. Mo tún ra Nannostomus beckfordi mẹ́jọ, àwọn ẹja jẹ́jẹ́ tó ń gbé òkè omi, tí wọ́n sì tóbi ju ẹni tí akọ lè gbé mì. Bí àwọn yẹn bá ń rìn fàlàlà lókè, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á mọ̀ pé kò séwu.

Lójú tèmi, ìwọ̀n lítà kọ́ ló ń dáàbò bo abo, bí kò ṣe ibi tí ojú akọ kò lè dé. Ká ní mo ra táǹkì tó gùn ju èyí lọ tí mo sì tún fi iwájú rẹ̀ sílẹ̀ gbalasa, ìrù abo ì bá ya bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ìrù rẹ̀ jinná láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Omi tó mọ́ nìkan ni mo fi tọ́jú rẹ̀. Nígbà tó kù bí ọjọ́ méjì tí mo máa yọ àwọ̀n, òun fúnra rẹ̀ ló ń wá sí ìdí àwọ̀n, tó ń ká ara rẹ̀ bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tó ń fi ikùn han akọ. Ikùn yẹn ti pọ́n bí ìgbà tí wọ́n kán sóbò sí i. Mo yọ àwọ̀n lálẹ́ ọjọ́ 27, lẹ́yìn tí mo ti pa iná.

20 sí 22 Júláì

Abo ti wọ ìṣáàsùn, kò jáde. Kò ka èèpo àgbọn sí rárá. Akọ ń rìn níwájú ẹnu ọ̀nà, ó ń lé àwọn Nannostomus padà sókè.

Mo ra jígí kékeré tí àwọn oníṣègùn eyín ń lò, mo fi tọ́ọ̀ṣì sí i, mo yọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Ẹyin wà lára òrùlé, ní abẹ́ ìdí ìṣáàsùn gan-an, mo ka nǹkan bí 60. Abo kọlu jígí náà, mo gbọ́ ọ ní ìka mi.

Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, gbogbo ẹyin ti funfun. Lọ́jọ́ kẹta, ó ti jẹ wọ́n tán.

25 Júláì sí 16 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo fura sí omi. Mo ti ń pààrọ̀ rẹ̀ sí ìdá kan omi ẹ̀rọ àti ìdá mẹ́sàn-án RO, díẹ̀díẹ̀, garawa kan lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta. TDS ti sún mọ́ 50. Pẹ̀lú ewé, pH ti bọ́ sí 6.1. Omi tó rọ̀ báyìí kò ní ohun tó lè di pH mú bó bá fẹ́ já, nítorí náà mò ń wọ̀n ọ́n láràárọ̀, mo sì dín oúnjẹ kù.

17 sí 18 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ẹyin tún wà nínú ìṣáàsùn. Lọ́jọ́ kejì mẹ́rin péré ló funfun, abo sì ti ṣà wọ́n kúrò. Mi ò fi jígí dà á láàmú mọ́.

20 Ọ́gọ́ọ̀sì

Wọ́n ti pa. Wọn ò tíì lè wẹ̀, wọ́n kàn ń gbọ̀n sókè sódò.

28 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ọmọ mi ló kọ́kọ́ rí wọn kó tó lọ sùn. "Dádì, wọ́n ti jáde!" Abo wà níwájú ìṣáàsùn, ikùn rẹ̀ pupa yòò, àwọn ọmọ sì rọ̀ mọ́ ọn bí ìkùukùu eruku. Bó bá mi lẹbẹ lẹ́ẹ̀kan báyìí, gbogbo wọn á balẹ̀ sórí yanrìn lójijì, wọ́n á dúró jẹ́ẹ́. Akọ wà ní ìwọ̀n ọwọ́ kan sí wọn, ó kọ̀yìn sí wọn, ó kojú síta. Mo pa iná ilé, a jókòó sínú òkùnkùn, ìyá rẹ̀ náà wá jókòó tì wá.

Ẹyin Artemia, ẹ̀yà edé kékeré kan, ni mò ń pa nínú ìgò omi iyọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, láti ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan ààbọ̀. Àwọn ọmọ ń jẹ ẹ́, ikùn wọn á pọ́n bí ẹ̀wà wẹ́wẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́.

12 Òkítóbà

Àwọn ọmọ kù 41. Àwọn kan ti gùn tó sẹ̀ǹtímítà méjì, àwọn kan ò tíì tó ọ̀kan, mo sì ti rí ọ̀kan nínú àwọn ńlá tí ìrù àbúrò rẹ̀ yọ lẹ́nu rẹ̀. Mo ti kó mẹ́tàdínlógún tó tóbi jù sínú táǹkì àtijọ́, mo sì ti fi òkúta dá ibẹ̀ sí yàrá mẹ́rin kí n tó bu omi sí i.

Mo pe Màmá láàárọ̀. Mo ní kí wọ́n bá mi ra ìṣáàsùn kékeré mẹ́ta sí i ní Dàda. Wọ́n ní ṣé kí wọ́n mú èyí tó ti ṣán. Mo ní rárá, kí wọ́n mú èyí tó pé, èmi fúnra mi ni màá fi fáìlì gbẹ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ kò gbọdọ̀ lé.